Bí Bàbá Mi Ṣe Rí Òkun

Bí ẹ bá bá mi níwájú ilé mi lónìí, ní ẹ̀gbẹ́ Ìwéré-Ilé níbí, pápá ni ẹ ó rí títí dé ìdí òkè, pẹ̀lú igi irúgbá méjì mẹ́ta tí ewúrẹ́ ń sinmi lábẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó máa wo ojú mi kó sọ pé mo ti gbé etí òkun rí. Ọdún márùn-ún gbáko ni mo lò níbẹ̀. Àwọn ọmọ mi a máa bi mí bó ṣe rí, èmi a sì sọ fún wọn pé omi ni, pé ó pọ̀. Wọ́n rò pé mo ń fi ọ̀rọ̀ ṣahun ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìtàn náà kò dùn lẹ́nu mi, torí ọ̀rọ̀ bàbá mi wà nínú rẹ̀.

Oko iṣu bàbá mi wà létí odò Òfìkì. Tí a bá kọ ebè títí tí ẹ̀yìn ń ro wá, bàbá a lọ jókòó sórí òkúta kan létí omi, a máa wo bó ṣe ń ṣàn lọ. “Òfìkì ń lọ bá Ògùn,” ni yóò wí. “Ògùn ń lọ bá ọ̀sà, ọ̀sà ń lọ bá òkun. Èmi ni mo ń kí omi yìí láràárọ̀, n kò sì mọ ilé rẹ̀.” Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé bàbá mi fẹ́ láyé yìí, tí kì í ṣe ti oko, tí kì í ṣe ti ọmọ, nìyẹn: kó fojú ara rẹ̀ rí òkun. Àwọn tó ti lọ Èkó ti ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un, àwọn sọ́jà tó ti ogun dé náà ti ṣàpèjúwe rẹ̀. Bàbá á gbọ́ tán, á mi orí. “Ìròyìn ò tó àfojúbà,” ló máa ń sọ, á tún gbé ọkọ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ogun abẹ́lé ò tíì pẹ́ tó parí. Àwa àti àwọn ará Oǹdó, abẹ́ ìjọba kan náà la ṣì wà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ń pín tíṣà kiri. Èmi tí mo ti ń retí Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, abúlé kan létí òkun, ní ìsàlẹ̀ Òkìtìpupa, ni wọ́n kọ síwájú orúkọ mi. Màmá mi sunkún. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà,” torí bó ṣe ń pè mí nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí, “lọ jókòó jẹ́ẹ́. Tí ara rẹ bá ti balẹ̀, wá mú mi, kí n wá wo ilé omi mi.”

Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Kérésì tó ń bọ̀ yìí ni.”

Bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ ló ń nu ojú. Ojú náà ti ń yún un láti bí ọdún méjì, ara rẹ̀ náà ń yún un, àwa ò sì kà á sí nǹkan kan. Eṣinṣin kéékèèké ló ń jẹ wọ́n létí Òfìkì, gbogbo àgbẹ̀ etí odò ló ń họ ara.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rin ìrìn àjò náà. Mo wọ bọ́lẹ̀kájà dé Ìsẹ́yìn, mo wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, mo tún wọ òmíràn lọ sí Oǹdó àti Òkìtìpupa, títí mo fi dé Ìgbókòdá tí mo bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gúnlẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí débi pé n kò wo iwájú, n kò wo ẹ̀yìn. Wọ́n fi ilé hàn mí, mo dùbúlẹ̀, mo sùn fọnfọn.

Ní àárọ̀ kùtù, ìró kan jí mi. Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ ìró yẹn. Nígbà ọyẹ́, tí koríko ti gbẹ, tí iná bá ràn mọ́ ọ̀dàn, ẹ ó máa gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Á hó wùùù, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún hó. Ẹni tó bá gbọ́ ọ kì í dúró béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀ka igi tútù ló máa ń já, tí á fi sáré lọ pa iná kó tó dé abà. Ohun tí mo ṣe náà nìyẹn. Mo fò dìde, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo já ẹ̀ka igi lẹ́yìn ilé, mo sì bọ́ sí ojúde, mo ń pariwo pé iná ọ̀dàn ń bọ̀, pé kí wọ́n kó ọmọ wọn jáde. Wọ́n jáde lóòótọ́. Wọ́n wo ewé ọwọ́ mi, wọ́n wo ibi tí mo ń nawọ́ sí. Òkun ló wà níbẹ̀, tó ń ru ìgbì bó ṣe ń rú u láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi fọwọ́ di ìhà mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Tíṣà Panápaná, lẹ́nu àgbà àti lẹ́nu ọmọ iléèwé.

Ẹlòmíràn ìbá bá wọn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èmi kọ́. Ìgbéraga tí mo ní nígbà yẹn, kò sí ohun tí mo fi lé e lórí. Mo bínú. Mo gbé àga mi sẹ́yìn ilé, mo kọjú sí ọ̀nà ilé wa, mo kọ ẹ̀yìn sí òkun, ibẹ̀ ni mo sì ń jókòó sí lójoojúmọ́ tí iléèwé bá ti parí. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí léèrè ohun tí mo ń wò. Igbó ni. Mo kàn mọ̀ pé bàbá mi wà ní ọ̀kánkán ibẹ̀, ní ibi tó jìnnà gan-an.

Àwọn abúlé tò tẹ̀lé ara wọn létí yanrìn níbẹ̀, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé èkejì kí omi orí iná tó hó. Ilé ọparun àti ilé pákó ni wọ́n ń gbé, imọ̀ ni wọ́n fi ń bò ó. Àwọn ọkùnrin a wa ọkọ̀ lọ ju àwọ̀n ńlá sínú òkun láàárọ̀, wọ́n á sì mú okùn rẹ̀ méjèèjì wá sórí ilẹ̀. Nígbà náà ni gbogbo abúlé á tò sídìí okùn, wọ́n á máa fà á. Òfin ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan okùn, ì báà jẹ́ àlejò, ì báà jẹ́ arọ, ìpín rẹ̀ wà nínú ẹja. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ títí àwọ̀n yóò fi gúnlẹ̀. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn, tó fi mí rẹ́rìn-ín, wá pè mí ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní, “Tíṣà, wá fọwọ́ kàn án, kí o rẹ́ja jẹ.” Mo dá a lóhùn pé ìwé ni ìjọba ní kí n wá kọ́ wọn, n kò wá fa okùn. Wọn ò pè mí mọ́. Ta ni ì bá tún pè mí?

Èdè wọn pàápàá ò tètè wọ̀ mí létí. Ọmọ kékeré á máa sọ “ìwọ” fún mi, mo rò pé ó ń rí mi fín ni. Mo na ọ̀pọ̀ wọn kó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń bá bàbá wọn nílé sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi yé mi, àwọn ọmọ náà ti ń gba ẹ̀yìn ilé ẹlòmíràn kọjá kí wọ́n má bàa pàdé mi. Mo dá wà. Àwọn ọlidé kékeré kan wà tí n kò gbọ́ ohùn ara mi láti àárọ̀ dalẹ́. Màmá mi a máa di èlùbọ́ fún mi tí mo bá wálé. Atẹ́gùn òkun a mú un, á bu, á máa rùn. Àwọn aládùúgbò mi ń fi ẹja tútù jẹ púpurú, òkèlè tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, èmi jókòó sẹ́yìn ilé, mo ń jẹ èlùbọ́ tó ti bu.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí mo ń kọ ránṣẹ́ sílé. Bàbá mi ò mọ̀wé. Kátíkíìsì ìjọ wa ló máa ń ka lẹ́tà mi fún un, lábẹ́ igi iwájú ilé wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo àwọn àgbà àdúgbò á sì pé síbẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Mo kọ ọ́ pé ilé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fún mi, páànù lórí, fèrèsé onígíláàsì mẹ́rin. Mo kọ ọ́ pé àwọn ará abúlé ò jẹ́ kí n dáná, pé oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá ju èyí tí mo lè jẹ lọ. Ilé tí mò ń wí yìí, ọparun ni ògiri rẹ̀, yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, fèrèsé ẹyọ kan tó ní, àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ta bò ó.

Ẹ ti rí ibi tí mo ti ara mi sí. Tí mo bá mú bàbá wá, yóò rí ilé. Yóò rí i pé ẹnikẹ́ni kì í yà sọ́dọ̀ mi, wọn á sì pe Panápaná sí i létí. Nígbà tí mo délé ní Kérésì àkọ́kọ́, ó ti di ẹrù sílẹ̀, ó ti ra bàtà. Mo ní òkun ń ru, pé ọkọ̀ ò ṣeé wọ̀. Ó tú ẹrù rẹ̀. Lọ́dún kejì, mo ní wọ́n ń tún ilé mi kùn. Lọ́dún kẹta, mo lọ bá a lóko, mo bá a tó ń fi ọwọ́ wá ìtàkùn iṣu lórí ebè. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó gbójú sókè, ó ní, “Ta nì yẹn?” Àárín èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò ju ebè mẹ́ta lọ.

Mo jókòó tì í lórí òkúta etí odò. Ó ní nọ́ọ̀sì ti wo ojú òun, pé eṣinṣin etí odò ló fà á, kò sì sí oògùn tó lè dá ìríran náà padà. “Ṣùgbọ́n mo ṣì ń rí ìmọ́lẹ̀, Tíṣà. Mo ṣì ń mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Tí a bá lọ báyìí, n ó rí i.”

Mo ní, “Ọlidé ńlá, Bàbá. Mo ṣèlérí.”

Ọlidé ńlá dé, mo kọ lẹ́tà pé iṣẹ́ ìdánwò dá mi dúró. Kò sí iṣẹ́ ìdánwò kankan. Ẹ̀yìn ilé mi ni mo jókòó sí fún gbogbo ọlidé náà, tí mo ń wo igbó. Ohun tí mo ṣe fún bàbá mi nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà wálé ní Kérésì, ilẹ̀ ti ṣú mọ́ ọn pátápátá. Ó jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀pá, ó bi mí nípa iṣẹ́, ó bi mí nípa ara. Kò dárúkọ òkun. Mo dúró títí ìsinmi fi ń parí pé kó dárúkọ rẹ̀, kí n lè rí nǹkan sọ, kò dárúkọ rẹ̀.

Màmá mi ló pè mí sí ìdí ààrò. Ó ní, “Mú un lọ.”

Mo ní, “Màmá, kí ló fẹ́ lọ wò?”

“Mo ní kí o mú un lọ. Bó bá jẹ́ pé ilé ló ń tì ọ́ lójú, má jẹ́ kó tì ọ́ mọ́. Èmi ni mo bí ẹ. Ẹni tí gbogbo abúlé ń bọ́ kì í jẹ èlùbọ́ tí mo dì fún un tán kó tó padà wálé.” Ó da omi sí ìkòkò. “Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ìwọ tí ojú rẹ ò fọ́, kí ló bo tìrẹ?”

Bí mo ṣe mú bàbá mi lọ nìyẹn, ní ọlidé Àjíǹde tó tẹ̀lé e. Ó wọ bàtà tó ti rà láti Kérésì àkọ́kọ́. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń ti ọwọ́ bọ omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á fi kan ahọ́n láti mọ̀ bóyá ó ti ní iyọ̀. Ọ̀sán ni a gúnlẹ̀. Bí mo ṣe dì í lọ́wọ́ mú tí a ń gba orí yanrìn lọ sílé, ó dúró gbagidi. Imú rẹ̀ ń wá èéfín.

Ó ní, “Iná. Tíṣà, iná ọ̀dàn ni. Apá ibo ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí? Já ewé.”

Ìyá ẹlẹ́ja wà níwájú ilé rẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe wà níbẹ̀. Gbogbo wọn gbọ́. Mo ń retí ẹ̀rín. Ìyá náà dìde, ó wá di bàbá mi lọ́wọ́ kejì mú, ó ní, “Bàbá, kì í ṣe iná. Òkun ló ń hó. Bó ṣe máa ń dún létí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá nìyẹn.” Ó wò mí. Kò pè mí ní Panápaná.

A wọlé. Mo ti ń rò ó láti ilé pé kò níí rí ògiri. Mo gbàgbé ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti igun kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa ọparun láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi yí ilé ká. Ó kan àpò sìmẹ́ǹtì lójú fèrèsé, ó sì dúró. Ó fi ìka wá gíláàsì lókè, ó wá a nísàlẹ̀. Mo dúró láàárín ilé, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wá ibùsùn kàn, ó jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ bọ yanrìn.

Ó ní, “Ilé náà tutù.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ju àwọ̀n. Ìyá ẹlẹ́ja wá mú bàbá mi lọ, kò tilẹ̀ bi mí. Mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Wọ́n fi bàbá sáàárín ìlà, wọ́n fi okùn lé e lọ́wọ́, ẹnìkan sì sọ òfin rẹ̀ fún un: kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú bí ó ti máa ń ṣe tó bá fẹ́ kọ ebè, ó sì fà. Mo wò ó títí. Nígbà tó yá, mo bọ́ bàtà, mo lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo fọwọ́ kan okùn. Ọdún karùn-ún mi níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀n náà wúwo, ó pẹ́. Bàbá mi ò yíjú padà, ó ní, “Tíṣà, báwo ló ṣe rí?”

Mo ní, “Omi ni, Bàbá. Ó pọ̀.”

“Wọ́n ti sọ ìyẹn fún mi kí a tó bí ẹ. Àwọ̀ wo ló ní?”

Èmi tí mo ti ń gbé ibẹ̀ láti ọdún yìí wá, n kò mọ̀ ọ́n. Mo gbójú sókè, mo wò ó. N kò lè fi ọwọ́ nu ojú, torí okùn ò gbọdọ̀ bọ́. Mo sọ fún un pé níbi tó ti ń kan yanrìn, ó funfun, ó ń hó bí ọṣẹ. Tó bá lọ síwájú díẹ̀, ó dà bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ní ọ̀nà jíjìn, ó dúdú bí aró Ìsẹ́yìn, oòrùn sì ń tàn lórí rẹ̀ káàkiri.

“Ó tó pápá wa?”

“Ó jù ú lọ, Bàbá. N kò rí òpin rẹ̀. Ojú ọ̀run ló wá bá a nílẹ̀.”

Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. “Òfìkì wà nínú rẹ̀?”

Mo ní ó wà níbẹ̀. Ó mi orí, ó ní kí n máa sọ lọ, mo sì ń sọ ọ́ lọ títí àwọ̀n fi gúnlẹ̀. Wọ́n fún un ní ìpín rẹ̀, ẹja mẹ́rin. Wọ́n fún mi ní tèmi.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò kí n tó mú un padà sílé. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba pín ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí tíṣà kọ̀ọ̀kan máa lọ sí ìpínlẹ̀ tirẹ̀, mo sì di ará Òkè-Ògùn padà.

Ọjọ́ Ìsinmi tí a délé, gbogbo wọn péjọ sábẹ́ igi, àwọn tó ti ń gbọ́ lẹ́tà mi láti ọdún yìí wá. Kátíkíìsì ló kọ́kọ́ bi í. “Bàbá, ilé búlọ́ọ̀kù náà ńkọ́? Fèrèsé onígíláàsì yẹn, ṣé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé?”

Bàbá mi, tí n kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ní, “Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n.”

Nígbà náà ni ẹnìkan nínú àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí kò ní èrò burúkú kankan nínú, ní, “Ṣùgbọ́n òkun tí o ti ń pariwo rẹ̀ láti ìgbà èwe wa, ojú wo lo wá fi rí i?”

Gbogbo wọn kọjú sí i. Èmi ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé tó bá sọ òótọ́ báyìí, ó tọ́ sí mi.

Ó ní, “Òkun funfun létí, ó dà bí ewé tuntun láàárín, ó dúdú bí aró níbi tó jìnnà. Ojú ọ̀run ló wá bá a nílẹ̀.” Ó fi ọwọ́ wá èjìká mi, ó rí i. “Ọmọ mi bá mi wò ó dáadáa.”

Wọ́n kí i kú oríire, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ òjò tí ò tíì rọ̀. Mo dìde, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún.